Èéhù Di Oníṣẹ́ Fàdákà

Ẹ̀yin ìyá wa, ohun tí a ń gbá sí ààtàn ti di oníṣẹ́ fàdákà. Èéhù ni mo ń wí, èyí tí ń hù bí òwú lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀.

Ní ọdún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbájé Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, Ògbómọ̀ṣọ́, gbé iṣẹ́ náà jáde. Wọ́n fi ṣùkù àgbàdo bọ́ oríṣi èéhù méjì. Wọ́n sẹ́ omi tí èéhù náà sun, wọ́n sì pò ó mọ́ omi iyọ̀ fàdákà. Àwọ̀ omi náà yí padà, ó rí bíi tíì tí kò ní mílíìkì: fàdákà ti di hóró wínníwínní nínú rẹ̀. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 10,000, ẹyọ kan ṣì tóbi ju hóró náà lọ. Hóró yìí ń pa kòkòrò àrùn, kò sì gba kẹ́míkà líle tí ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Oúnjẹ tó hu èéhù kò tìtorí èyí di oògùn. Èéhù kan ń bẹ lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa. Májèlé rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kì í sì í pa á tán. Ẹ sá àgbàdo gbẹ kí ẹ tó kó o pamọ́. Èyí tó bá ti hu, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe fi ṣe ògì ọmọ.

Ọlọ́run tó fi àǹfààní sínú ohun yẹpẹrẹ ló fún wa ní làákàyè láti mọ ewu rẹ̀. Kí Ó má jẹ́ kí a ṣì í lò. Àmín.