Hardwick Hall: ilé ńlá tí obìnrin kan fi lẹ́tà orúkọ rẹ̀ lé lórí

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ń gbé nílùú ọba fi àwòrán ilé kan ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ilé abúlé tí a lọ wò." Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tó ń túmọ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní country house kì í ṣe ilé abúlé rárá. Ilé onílẹ̀ ni, ilé ẹni tó ni ilẹ̀ rẹpẹtẹ, tí àwọn àgbẹ̀ tó ń ro ilẹ̀ náà ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí ló ń kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, òun náà ló ń bọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sọ́kàn ká tó wọlé.

Hardwick Hall, ní Derbyshire, ni ilé inú àwòrán náà. Elizabeth, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bess of Hardwick, ló kọ́ ọ. Hardwick gan-an ni wọ́n bí i sí, ìdílé wọn kì í ṣe olówó. Ọkọ mẹ́rin ló fẹ́, ó sì sin gbogbo wọn. Ọkọ kejì, Sir William Cavendish, ló bímọ fún. Ẹkẹrin, George Talbot, Earl of Shrewsbury, wà lára àwọn ọlọ́rọ̀ jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìjà owó àti ìjà ilé tú wọn ká. Ní 1590 ni Talbot kú. Ọdún yẹn náà ni Bess, tó ti lé ní 60 ọdún, bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun, bẹ́ẹ̀ kò tíì parí èyí tó ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ahoro ti àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní 1597 ló kó wọnú tuntun.

Robert Smythson ni wọ́n gbà pé ó ya àwòrán ilé náà. Ohun tó kọ́kọ́ ń gba ojú ni fèrèsé. Gíláàsì wọ́n gan-an láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fi kún ara ilé ń kéde ọrọ̀ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni ilé òkúta ṣe lè gba fèrèsé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìwó? Ògiri àárín ilé ló ń ṣiṣẹ́ náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ihò tí èéfín iná ń gbà jáde sí, kí ògiri ìta lè sinmi. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú tàn yín: irọ́ ni díẹ̀ nínú àwọn fèrèsé náà, ògiri ló wà lẹ́yìn gíláàsì wọn.

Alájà mẹ́ta ni ilé náà, bí ẹ bá sì ṣe ń gòkè ni fèrèsé ń ga sí i. Ìsàlẹ̀ ni ti àwọn òṣìṣẹ́, àárín ni Bess fúnra rẹ̀ ń gbé, òkè pátápátá ni wọ́n ti ń gba àlejò ńlá. Ẹni tó bá ń gun àtẹ̀gùn òkúta yẹn ń gun ipò àwọn ènìyàn ni. Lókè ni gbọ̀ngàn gígùn kan wà tó tó mítà 50. Ilé gogoro mẹ́fà ló yọrí lókè òrùlé, wọ́n sì gbẹ́ lẹ́tà E àti S sórí wọn, Elizabeth Shrewsbury, pẹ̀lú adé. Iṣẹ́ èdè ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mi ò tíì rí ìbuwọ́lùwé tó tóbi tó ìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti Mary, Ọbabìnrin Scotland, mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Talbot ló ń ṣọ́ Mary fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n 1587 ni wọ́n bẹ́ ẹ lórí, ọdún mẹ́ta kí ilé yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá kù bí Bess ṣe fi sílẹ̀? Wọ́n pa á tì ni. Àwọn ọmọ Cavendish di Duke of Devonshire, Chatsworth ni wọ́n fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tún kọ́ tí wọ́n ń tún ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n fi Hardwick sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù àtijọ́ rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ka ẹrù ilé náà ní 1601 ṣì wà, díẹ̀ lára ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ẹ ṣì lè rí i níbẹ̀.

Owó orí lórí ogún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Duke kẹwàá ti fa ohun ìní rẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ó bá lo ọdún márùn-ún sí i láyé, ìjọba ò ní rí nǹkan gbà lórí rẹ̀. Ní November 1950 ló kú lójijì, ó ku bí oṣù mẹ́rin péré. Ìdá 80 nínú 100 ni ìjọba béèrè! Hardwick wà lára ohun tí wọ́n fi san án, ní 1959 ó bọ́ sọ́wọ́ National Trust. Òfin náà tún dáàbò bò ó: Grade I ló wà, ipò tó ga jù, ẹnikẹ́ni kò lè ṣí fèrèsé kan nípò láìgbàṣẹ. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wó palẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, kí òfin tó gbópọn.

Ohun tó mú inú mi dùn jù ni aṣọ ògiri mẹ́tàlá tó wà ní gbọ̀ngàn gígùn yẹn, tí wọ́n hun ìtàn Gídíónì inú Bíbélì sí. Ilé Sir Christopher Hatton tó ti kú ni Bess ti rà wọ́n. Àmì ìdílé Hatton wà lára wọn, Bess ní kí wọ́n yọ £5 kúrò nínú owó, nítorí òun ní láti fi àmì tòun bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n sì yọ ọ́. Ọdún 24 ni wọ́n fi tún aṣọ wọ̀nyí ṣe, 2023 ni ìkẹtàlá padà sára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ wọ́n. Nítorí náà, àwọn fèrèsé tí Bess náwó lé lórí tó bẹ́ẹ̀, aṣọ ni àwọn olùtọ́jú ń fà bò wọ́n báyìí.