Àwòrán Tí Lẹ́tà Ńlá Gbé Lọ

Òfò kan wà tí èmi akọ̀wé yín fi ọwọ́ ara mi fà, ó sì yẹ kí n jẹ́wọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ni ó ń tọ́jú àwòrán ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ó ń lo Linux. Àwòrán olóògbé bàbá ẹgbẹ́ wa nìkan, ó pè é ní Baba.jpg, èyí tí bàbá yà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó pè é ní baba.jpg. Nígbà tí ó fẹ́ ta kọ̀ǹpútà náà, mo ń kó àwòrán wọ̀nyí sínú Windows tèmi. Ẹ̀rọ bi mí bóyá kí ó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Mo rò pé fáìlì kan náà ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni ojú bàbá ṣe parẹ́. Wọ́n ti nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ kí a tó mọ̀.

Lójú Linux, Baba àti baba jẹ́ ẹni méjì, bí Táyé àti Kẹ́hìndé. Windows yóò kọ orúkọ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ọ̀kan náà ni ó ka méjèèjì sí. Mac náà rí bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tà á. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò fura sí ni fíláàṣì: bí ó bá jẹ́ exFAT tàbí FAT32, àní bí ẹ bá ń ti orí Linux lọ sórí Linux, ọ̀kan lè gbé èkejì mì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi àwòrán ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí ará ilé, kí ẹ tó kó ẹrù kúrò lórí Linux, ẹ tẹ èyí nínú fódà náà:

find . | sort -f | uniq -Di

Àwọn orúkọ tí lẹ́tà ńlá àti kékeré nìkan yà sọ́tọ̀ yóò jáde. Ẹ yí ọ̀kan padà, bí baba-omoomo.jpg. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, ẹ fi tar di gbogbo fódà náà pọ̀. Orúkọ méjèèjì yóò wà nínú rẹ̀, bí ẹ kò bá ṣáà tú u sórí Windows. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye fáìlì níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ká ní mo kà á ni, ǹ bá ti rí i pé ẹyọ kan dín. Ṣùgbọ́n èmi ń kánjú.

Èyí tí ó kù ni ti orí ìwé ìsìnkú, ó sì ti ṣú. Ẹni tí bàbá bá fún ní ẹ̀dà àwòrán náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá sí ìpàdé tí ó ń bọ̀. A ó dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an.