Kí ẹ tó ra pont arrière àlòkù fún Peugeot 504

Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, kò tíì tán lójú ọ̀nà wa. Bí pont arrière rẹ̀, irin ńlá tó ń yí táyà ẹ̀yìn, bá bàjẹ́, casse la máa ń sáré lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, gbogbo 504 kọ́ ló bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ressort. Ti bâchée, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn ni. Ti break, ressort mẹ́rin tó lọ́ bí òkòtó ni. Ọ̀kan kò lè jókòó sáyè èkejì, àfi bí ajórin bá jó irin mọ́ ọn. Ojú ìjó yẹn lè já lọ́nà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka eyín. Ká ní pignon ní eyín 10, couronne ní 40: pignon á yí lẹ́ẹ̀mẹrin kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí pont tuntun bá dín sí ti àtijọ́, ọkọ̀ á sáré níbi tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n bó bá kó iṣu gun òkè Alédjo, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Compteur náà á purọ́: eré tí ẹ ń sá á ju èyí tí ẹ rí lọ. Ewu ńlá nìyẹn.

Paríparí ẹ̀, frein. Bí wọ́n bá tú pont, afẹ́fẹ́ ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Kí mẹkáníìkì lé e jáde, kó pààrọ̀ òróró pont, kó dán ọkọ̀ wò láìkó èrò.

Pont olówó pọ́ọ́kú tí kò bá ọkọ̀ mu, gbèsè ni.