Àṣìsọ àti Àṣìmọ̀: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Elédè Púpọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ìlọrin, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kwara, jẹ́ ibi tí èdè Yorùbá, Tápà, Fúlàní àti Haúsá ti ń pàdé. Nítorí náà, kò ṣàjèjì kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò bíi Ṣàngó bá ọmọ elédè mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ni yóò máa ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n orísun àṣìṣe wọn kò dọ́gba.

Ní 1967, S. Pit Corder, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ya oríṣi àṣìṣe méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí ó bọ́ lẹ́nu nítorí àárẹ̀ tàbí ìkánjú. Ẹni tí ó ṣe é lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Èyí ni a lè pè ní àṣìsọ. Èkejì ń fi bí ìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè náà ti mọ hàn. Kò lè tún un ṣe, nítorí kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó. Èyí ni a lè pè ní àṣìmọ̀. Èdè abínibí sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára orísun rẹ̀.

Ọ̀rọ̀-àyálò jẹ́rìí sí èyí. Yorùbá kò ní ìró “v”, kò sì ní “ch”. Ìdí nìyí tí “varsity” fi di fásítì, tí “teacher” sì fi di tíṣà. Haúsá ní “ch”, ṣùgbọ́n kò ní “p”. “Primary” di firamare lẹ́nu wọn. Òun náà kò ní “v”. Tápà ní “v” àti “z”. Nítorí náà, ìdánrawò lórí “v” yóò ṣe ọmọ Yorùbá àti ọmọ Haúsá láǹfààní, ṣùgbọ́n yóò fi àkókò ọmọ Tápà ṣòfò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ rí. “Ó” kan náà ni Yorùbá ń lò fún akọ àti abo, nítorí náà ọmọ Yorùbá lè pe ìyá rẹ̀ ní “he”. Haúsá ń ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, àní nínú ohun aláìlẹ́mìí: abo ni “mota”, èyí tí í ṣe ọkọ̀. Ọmọ Haúsá lè tipa bẹ́ẹ̀ pe ọkọ̀ ní “she”.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì wà lára ohun tí ń sé ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́ ẹnu ọ̀nà fásítì. Bí olùkọ́ bá ka àṣìmọ̀ sí ìwà òmùgọ̀ tàbí ìmẹ́lẹ́, ìyà àìmọ̀dí ni yóò fi jẹ ọmọ náà. Kò di dandan kí olùkọ́ gbọ́ gbogbo èdè inú kíláàsì rẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ó ṣe àtẹ ìró èdè kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì pín ìdánrawò gẹ́gẹ́ bí àtẹ náà bá ti fi hàn.