Òróró wo ló yẹ gìtá? Ẹ ka èyí kí ẹ tó kán nǹkan kan sí i

Ìgbàkígbà tí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn onígìtá: òróró wo ló dáa tí èèyàn lè fi pa á? Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn. Èyí tó pọ̀ jù lára gìtá ò nílò òróró rárá. Ibi tí igi rẹ̀ wà ní ìhòhò nìkan ló ń fẹ́ ẹ, kò sì fẹ́ ju ẹ̀kán díẹ̀ lọ. Òróró tó wà nínú kíṣíìnì yín kọ́ o.

Ẹ wo gìtá yín dáadáa. Ara rẹ̀ ń dán, àbí? Fáníṣì ni wọ́n fi bò ó. Òróró ò lè gba inú fáníṣì wọlé, orí rẹ̀ ló máa jókòó sí, tí eruku á wá máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo ojú ọrùn rẹ̀, níbi tí ìka ti ń tẹ okùn, ẹ máa rí pákó dúdú tí kì í dán. Fretboard ni wọ́n ń pè é, rosewood tàbí ebony ni igi rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Kò sí fáníṣì lórí ẹ̀, ìyẹn ló fi ń mu òógùn ọwọ́, tó sì tètè ń gbẹ. Àwọn gìtá kan wà tí ibẹ̀ funfun díẹ̀, tó sì ń dán bí ara yòókù. Igi maple nìyẹn, wọ́n ti fi fáníṣì bò ó. Ẹ nu ún, ẹ fi òróró sílẹ̀.

Òróró ẹ̀pà, epo pupa, àdí àti òrí, gbogbo wọn dára láyè tiwọn. Lára igi gìtá, ṣe ni wọ́n máa bàjẹ́ síbẹ̀, wọ́n á máa rùn, wọ́n á sì máa lẹ̀ mọ́ ìka. Òróró ólífì náà kò yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ìgò rẹ̀ kì í jìnnà sí gìtá ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró síbi àdúrà.

Ìnùmọ́ ló ṣáájú. Ẹ tú okùn kúrò, kí ẹ fi aṣọ òwú tó rọ̀, bíi síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, nu eruku ara rẹ̀. Tí àpá ìka bá wà níbẹ̀, ẹ fi omi tó kéré gan-an rin aṣọ náà, kí ẹ sì fi èyí tó gbẹ nu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì, pẹtiróòlù tàbí tínà, torí wọ́n lè bó fáníṣì. Sànìtáísà tí a fi ń fọwọ́ náà lè ba fáníṣì àwọn gìtá kan jẹ́. Ní ojú ọrùn, ìdọ̀tí dúdú máa ń sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tó sì gbẹ máa gbá a jáde. Èyí tó bá ti le mọ́lẹ̀, ẹ fi etí káàdì ATM tó ti kú ha á.

Ó wá ku òróró. Èyí tí wọ́n ń tà fún gìtá gẹ́gẹ́ bíi lemon oil, òróró mineral tí wọ́n fi òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, liquid paraffin tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì máa ṣe é, torí òróró mineral náà ni. Orí aṣọ ni kí ẹ kán an sí, kì í ṣe orí igi. Ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́rin tó. Ẹ fi ra pákó náà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ẹ wá nu gbogbo èyí tó ṣẹ́ kù títí á fi gbẹ lójú. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó.

Tó bá jẹ́ epo linseed tí àwọn kápẹ́ńtà ń lò lẹ fẹ́ lò, ẹ ṣọ́ra gidi. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru wá. Aṣọ tí ẹ fi pa á, tí ẹ wá ká jọ sójú kan, lè gbiná fúnra rẹ̀. Ìta ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí títí á fi gbẹ.

Òróró kì í ṣe omi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lóye nìyí. Nígbà ọyẹ́, omi inú igi ló ń jáde, igi á wá súnkì, ṣùgbọ́n irin ò ní súnkì. Ìdí nìyẹn tí etí àwọn irin ojú ọrùn fi máa ń yọ síta tí wọ́n á máa ha yín lọ́wọ́. Tó bá pọ̀ jù, igi á là. Òróró ò lè dá omi yẹn padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe gìtá máa ń fẹ́ kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ wà láàárín 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gba ike ọṣẹ onídèrí, ẹ lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ẹ fi fóòmù tútù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fún un títí omi ò fi ní kán mọ́. Ẹ gbé e sínú àpótí pẹ̀lú gìtá, kí ẹ sì pa á dé. Tí òjò bá ti dé, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bákan náà, ẹ má gbé gìtá sábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ má sì fi í sínú bùútù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fayolíìnì, ẹ má tú gbogbo okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Igi kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé agbára okùn ló dì í mú, tó bá ṣubú, ọ̀dọ̀ aláṣe lẹ ń lọ yẹn. Gòjé ní tiẹ̀, awọ ló wà lójú rẹ̀: aṣọ gbígbẹ nìkan, òróró ò gbọdọ̀ kàn án.