Orín Àtà, Iyèré àti Osùn: Ohun tí Egbòogi Ń Ṣe fún Ẹ̀jẹ̀ Fòníkú-Fọ̀ladìde

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù ọ̀kan. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti ń fi ewé, egbò àti èèpo igi wo àìsàn. Ohun tí wọn kò ní nígbà náà ni awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, èyí tí ènìyàn lè fi rí iṣẹ́ tí àgbo ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Lóde òní, awò náà ti wà, ó sì ti sọ púpọ̀ fún àwọn onímọ̀ nípa àìsàn kan tí ó ti mú ọ̀pọ̀ òbí sunkún: fòníkú-fọ̀ladìde.

Dòjé nínú ẹ̀jẹ̀

Àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tíntìntín tí ó kún inú ẹ̀jẹ̀ ni ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró káàkiri ara. Sẹ́ẹ̀lì tí ó pé a máa rí roboto, a máa rọ̀, a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ́síjìn bá dín kù, èròjà hímóglóbínì inú sẹ́ẹ̀lì náà a so mọ́ ara wọn bí okùn, sẹ́ẹ̀lì a le gan-an, a sì tẹ̀ bí dòjé. Dòjé kò lè gba inú iṣan tóóró kọjá wọ́ọ́rọ́. Wọn a há síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sé, ìrora egungun a sì dé. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í lò ju bí 10 sí 20 ọjọ́ lọ, ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà kì í fi í tó.

Ohun tí orín àtà fi hàn

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà nílé tí kò mọ orín àtà. Ó ta lẹ́nu, ó sì ń mú kí ahọ́n kú. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ń jẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí, àwọn onímọ̀ oògùn ń wá bí orín wa ṣe ń pa kòkòrò ẹnu. Wọ́n da omi egbò àtà sí inú àwo tí a fi ẹ̀jẹ̀ pò fún kòkòrò láti hù, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ náà kò yí àwọ̀ padà, ó pupa síbẹ̀. Èyí ni ó mú wọn béèrè bóyá ó lè dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ SS pẹ̀lú. Ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti W. A. Isaacs tẹ èsì wọn jáde: nínú ìgò ìdánwò, omi egbò àtà mú kí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti di dòjé padà rí roboto.

Àgbo ẹbí tí ó di oògùn

Ìtàn kejì tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Yorùbá kan, Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ògúnyalé, ní àgbo tí wọ́n fi ń wo fòníkú-fọ̀ladìde. Ó fi ìmọ̀ náà lé ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí oògùn ní Abuja, NIPRD, lọ́wọ́. Ohun mẹ́rin ni wọ́n rí nínú rẹ̀: èso iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Oògùn tí wọ́n ṣe láti inú wọn ni wọ́n pè ní Niprisan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà dán an wò lára ẹ̀jẹ̀ SS nínú ìgò, ó dá dídi dòjé dúró, nítorí ó ń mú kí hímóglóbínì pẹ́ kí wọ́n tó so pọ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà, ìkọlù ìrora líle dín kù.

Ní 2006, ìjọba fi ọwọ́ sí títà rẹ̀ lábẹ́ orúkọ Nicosan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ń ṣe é fi wọ gbèsè, oògùn náà sì di ohun àwátì. Owó ni ó dá iṣẹ́ náà dúró. Kì í ṣe pé ewé kò jẹ́.

Ìgò kì í ṣe ikùn

Síbẹ̀, ó yẹ kí a fi ọgbọ́n gbọ́ ìròyìn yìí. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ nínú ìgò ní láti la ikùn àti ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí ó gba sẹ́ẹ̀lì là nínú ìgò lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ara. Èyí tí ó pọ̀ jù lè ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ìdánwò kan ṣoṣo lára ènìyàn kò sì tó láti fi ṣe ìdájọ́. Nítorí náà, jíjẹ orín àtà láràárọ̀ kò lè dípò ìtọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni síse iyèré àti osùn pọ̀ nínú ìkòkò nílé kò sọ ọ́ di Niprisan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ gidigidi. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kàdúná ni ń gba àgbo tí a fi mọ́tò ránṣẹ́ láti ilé, nínú ìgò tí kò ní àkọlé. Dókítà tí kò mọ̀ pé ọmọ ń mu ún kò lè mọ ìdí tí ojú ọmọ fi ń pọ́n sí i. Ohun tí ó tọ́ ni kí òbí sọ gbogbo rẹ̀ fún dókítà, kí ó má sì dá oògùn ibà àti ti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ọmọ dúró. Òtútù Jọ́ọ̀sì àti ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa lè fa ìkọlù. Aṣọ tí ó nípọn àti omi mímu dáadáa kì í ṣe ohun tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni ó wà pé ọmọ yóò jẹ́ SS.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Babaláwo ní ewé, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní awò. Nígbà tí ọ̀kan kò bá kẹ́gàn ìkejì, ọmọ tí àìsàn yìí ń bá fínra ni yóò jèrè.