Òtìlí Wọ Oko Àgbàdo ní Ekwendeni

Ìyá á pọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní ọsibítù Ekwendeni, ní àríwá orílẹ̀-èdè Màláwì, ara ọmọ á ti mókun. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún gbé ọmọ náà padà wá, àìjẹunrekánú ló tún dé. Esther Lupafya, nọ́ọ̀sì níbẹ̀, kò lè fọwọ́ lẹ́rán. Ó wádìí lọ́wọ́ àwọn ìyá: kí ni wọ́n ń jẹ nílé?

Àgbàdo ni, àgbàdo ṣáá. Òun ni wọ́n fi ń ro nsima, òkèlè tí oúnjẹ kì í pé láìsí i ní Màláwì. Àgbàdo lọ́dọọdún sì ti jẹ ilẹ̀ gbẹ. Nígbà tí ìrànwọ́ ìjọba lórí ajílẹ̀ òyìnbó dópin láàárín ọdún 1990 sí 1999, owó rẹ̀ kọjá agbára àgbẹ̀ kékeré.

Ní ọdún 2000, Lupafya àti Rachel Bezner Kerr, onímọ̀ ọmọ Kánádà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú àgbẹ̀ 30 ní abúlé 7. Wọn kò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó irúgbìn ẹ̀pà, sóyà àti òtìlí sílẹ̀, kálukú yan èyí tó wù ú, ó sì dán an wò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Gbòǹgbò irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ máa ń fa oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá kórè tán, wọ́n á ri ewé mọ́lẹ̀ dípò kí wọ́n sun ún. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ló yan àwọn tó ń ṣe ìwádìí láàárín wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ ará abúlé mìíràn.

Ilẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ibi tí ìṣòro ta kókó sí kò sí lóko. Àwọn ìyá àgbà ní ọmú nìkan kò lè yó ọmọ ìkókó, wọ́n á fún un ní omi ẹ̀kọ kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ìyàwó wo ló máa kọ̀ fún ìyá ọkọ? Yorùbá tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ lágbo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Àwọn ọkọ mìíràn sì ń ta ẹ̀pà tí ìyàwó fi òógùn ojú gbìn. Ọ̀rọ̀ wá di àpérò, tàgbà tèwe. Wọ́n dá ọjọ́ ìdáná sílẹ̀, níbi tí ọkùnrin ti ń se ẹ̀wà lójú gbogbo ayé. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ tó wà nínú ètò náà sanra sí i.

Anita Chitaya, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ yìí, bá Lupafya lọ sí Amẹ́ríkà. Fíìmù The Ants and the Grasshopper, tó jáde ní 2021, fi ìrìn àjò náà hàn: obìnrin tó ti yí ọkùnrin abúlé rẹ̀ lọ́kàn padà dé inú ilé ìdáná jókòó ti àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ń ṣàlàyé fún wọn bí òjò ṣe yí padà lórí oko rẹ̀.